Pípa Súwíìṣì Kì í Ṣe Pípa Iná: Àlàyé fún Ẹni Tó Fẹ́ Pààrọ̀ Iná Balùwẹ̀

Iná balùwẹ̀ kì í bàjẹ́ bíi ti pálọ̀. Ti pálọ̀ á kú lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó sì mọ̀ pé gílóòbù ló jó. Ti balùwẹ̀ á máa ṣẹ́jú. Á tàn lónìí, á kọ̀ lọ́la. Ìpẹtà á ti jẹ irin họ́dà rẹ̀, kòkòrò á ti kú jọ sínú abọ́ dígí tó bò ó, bí òjò bá sì rọ̀ dáadáa, omi á ti gbára jọ síbẹ̀.

Ìgbà tí a bá wá ní ká ra tuntun ni ìdààmú ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tú ti àtijọ́, ẹ bá wáyà pupa méjì àti dúdú kan lókè. Èyí tí ẹ rà lọ́jà, búráùn àti búlúù ló yọ síta lára rẹ̀. Wọ́n kọ IP44 sára páálí rẹ̀, ẹni tó tà á fún yín kò sì mọ ohun tó jẹ́. Ẹ pa súwíìṣì, ẹ gun àga, ẹ na ọwọ́ sókè, iná gbé yín. Bẹ́ẹ̀, ẹ ti pa iná!

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló mú mi kọ àlàyé yìí. Púpọ̀ nínú wa gbà pé bí gílóòbù bá ti kú, iná ti kúrò nínú wáyà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Mo fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ iná, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe, àti ibi tó yẹ kí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà kí ẹ lọ pe ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà.

Báwo ni iná ṣe ń dé orí gílóòbù?

Ẹ wo táǹkì omi tó wà lókè lẹ́yìn ilé. Agbára tí omi fi ń ti ara rẹ̀ wálẹ̀ nítorí pé táǹkì ga, òun ni ẹ fi wé fólítì. Ìwọ̀n omi tó ń gba inú páìpù kọjá, òun ni áńpíà. Iná ilé wa ní Nàìjíríà jẹ́ 230 fólítì. Áńpíà 1 jẹ́ mílíáńpíà 1,000. Ẹ fi òǹkà yẹn sọ́wọ́, a ó lò ó láìpẹ́.

Ibi tí iná ti yàtọ̀ sí omi ni pé omi tó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ti lọ nìyẹn, ṣùgbọ́n iná gbọ́dọ̀ padà síbi tó ti wá kó tó lè ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí wáyà kì í fi í dín ní méjì. Èyí tó ń gbé iná bọ̀ ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní láífù. Èyí tí iná ń gbà padà ni níútírà. Ẹ̀kẹta ni wáyà ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Òun kì í gbé ohunkóhun lọ́jọ́ tí nǹkan bá wà bó ṣe yẹ. Ọjọ́ tí láífù bá já, tó lọ kan irin ara fítíǹgì, ọjọ́ náà ni iṣẹ́ rẹ̀: òun ni iná yóò gbà wọlẹ̀, dípò kó jẹ́ ara ẹni tó fọwọ́ kan irin náà ni yóò gbà. Fítíǹgì tí mo ń wí ni gbogbo ohun tó gbé gílóòbù dúró: họ́dà tí gílóòbù ń wọ̀, ìdérí rẹ̀, àti àwo tí wọ́n fi súkúrù dè mọ́ àjà.

Súwíìṣì dà bí afárá lójú ọ̀nà láífù. Ẹ tẹ̀ ẹ́, afárá balẹ̀, iná kọjá lọ sórí gílóòbù, ó sì gba níútírà padà. Ẹ pa á, afárá ká sókè. Iná kò lọ síbì kankan. Ó dúró sí etí afárá, ó ń retí kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀.

Ìyẹn ní ilé tí wọ́n ṣe wáyà rẹ̀ dáadáa. Nínú àwọn ilé kan, ẹni tó ṣiṣẹ́ náà fi súwíìṣì sójú ọ̀nà níútírà. Gílóòbù á máa tàn, á máa kú, ẹ kò sì ní fura. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá kú yẹn, láífù ṣì wà nínú họ́dà lókè. Ẹni tó bá fi ọwọ́ tútù kàn án níbẹ̀, ara rẹ̀ ló fẹ́ fi ṣe níútírà. Kódà ní ilé tí kò ní àṣìṣe yìí, wáyà kan lè wà lókè àjà tí súwíìṣì balùwẹ̀ kò ní àṣẹ lórí rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti fa iná lọ sí yàrá tó kàn. Wáyà pupa kejì tí ẹ bá lókè yẹn, ó lè jẹ́ òun.

Kí ló dé tí balùwẹ̀ fi léwu ju yàrá lọ?

Omi ni, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òǹkà rẹ̀ ló yẹ ká rí.

Awọ ara tó gbẹ máa ń dí iná lọ́nà gan-an. Awọ tó tutù kì í fi bẹ́ẹ̀ dí i. Ìdènà tó wà lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, tó sì dúró lórí táìsì tútù láìwọ bàtà, lè wálẹ̀ dé nǹkan bí 1,000 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní oòmù. Ẹ fi 1,000 pín 230 fólítì, ẹ ó rí mílíáńpíà 230. Bẹ́ẹ̀ láti nǹkan bí mílíáńpíà 30 lọ sókè ni iná ti lè dí ènìyàn ní èémí, kó sì da lílù ọkàn rú bó bá pẹ́ lára.

Ẹ wá wo ìhà kejì. Gílóòbù LED oní-9 wáàtì, irú èyí tó wà ní ọ̀pọ̀ balùwẹ̀ wa, ń fa nǹkan bíi mílíáńpíà 39. Iná tó ń tan gílóòbù kékeré yẹn ju èyí tó lè pa ènìyàn lọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá sọ pé "gílóòbù lásán ni, kì í ṣe híítà," inú mi kì í dùn sí i. Gílóòbù lè kéré, ṣùgbọ́n wáyà tó gbé e, 230 fólítì kan náà ló wà nínú rẹ̀.

Ṣé bíréékà kò ní gbà wá ni?

Bíréékà kékeré tó ń ṣọ́ iná gílóòbù nínú DB, ìyẹn àpótí tí wọ́n to àwọn bíréékà ilé sí, sábà máa ń jẹ́ áńpíà 10. Ẹ ṣírò rẹ̀: mílíáńpíà 10,000. Kó tó ronú àtijá, iná tó ń kọjá gbọ́dọ̀ ju ìyẹn lọ, ó sì lé ní ìlọ́po 300 èyí tó ń pa ènìyàn. Wáyà ni bíréékà ń ṣọ́ kó má baà gbóná jóná. Kò mọ̀ bóyá ènìyàn wà lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Ohun tó ń ṣọ́ ènìyàn ni RCD. Lọ́jà, wọ́n lè pè é ní RCCB, àwọn àgbà oníṣẹ́ iná á sì máa pè é ní ELCB. Ẹ jẹ́ ká fi í wé olùṣọ́ ẹnu géètì kan tó ń ka orí. Bí ènìyàn 40 bá gba ẹnu géètì jáde lọ sóko, ó ń retí kí 40 wọlé padà. Bí 39 bá padà, ó mọ̀ pé ẹnìkan ti ya sójú ọ̀nà mìíràn, kò ní bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó ti géètì pa. RCD ń ka iná tó gba láífù lọ, ó sì ń ka èyí tó gba níútírà bọ̀. Bí iyàtọ̀ wọn bá tó mílíáńpíà 30, a jẹ́ pé nǹkan kan ń gba ara ẹnìkan tàbí ara irin wọlẹ̀. Ó já kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wò ó kó jẹ́ 30mA tàbí 0.03A ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 300mA sí, nítorí kí ilé má baà jóná ni wọ́n ṣe ṣe é. Kò lè gba ènìyàn là. Bọ́tìnì kan wà lára RCD tí wọ́n kọ T sí. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Tí kò bá já, ó ti kú, òun náà ń fẹ́ pípààrọ̀.

Ohun kan wà tí RCD kò lè ṣe o. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan mú láífù tí ẹ sì fi ọwọ́ kejì mú níútírà, iye tó lọ àti iye tó bọ̀ á dọ́gba. Olùṣọ́ géètì kò ní rí ohun tó burú.

Níbo gan-an la ti ń pa iná?

Láyé àtijọ́, ìbéèrè yìí rọrùn. NEPA nìkan ló ń gbé iná wá. Wọ́n ti pín iṣẹ́ náà fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni láti ọdún 2013, ṣùgbọ́n NEPA la ṣì ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó sì máa pè é. Lónìí, ọ̀nà mẹ́ta ni iná lè gbà wọ ilé kan: NEPA, jẹnẹrétọ̀, àti ínfátà pẹ̀lú bátìrì rẹ̀ tàbí sólà.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo fẹ́ pààrọ̀ iná balùwẹ̀ kan nílé ẹ̀gbọ́n mi n'Íbàdàn. Mo gbé bíréékà ńlá tó wà lábẹ́ mítà wálẹ̀. Fáànù pálọ̀ dúró, fíríìjì dákẹ́. Mo ti wà lórí àkàbà, mo ti ń yí súkúrù àkọ́kọ́, kí ọmọ ilé kan tó kọjá tó sì tẹ súwíìṣì balùwẹ̀ láti fi wò bóyá iná ti lọ lóòótọ́. Gílóòbù tàn yòò lójú mi. Ínfátà kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn tí n kò mọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn tó gbé e wọlé ti fa gbogbo gílóòbù ilé sórí rẹ̀, wọ́n fi fíríìjì àti fáànù ńlá sílẹ̀ fún NEPA. NEPA tí mo pa gan-an ló jí ínfátà. Ọmọ yẹn kò mọ̀ títí di òní pé ó ṣe mí lóore.

Nítorí náà, kí ẹ tó gun ohunkóhun, ẹ pa á lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ gbé bíréékà NEPA wálẹ̀. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ bó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ sì gbé ṣéńjóófà sí àárín bó bá jẹ́ irú èyí tó ní àárín. Ẹ pa ínfátà lójú bọ́tìnì tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ sì tún gbé bíréékà tí iná ń gbà jáde lára rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ sọ fún gbogbo ará ilé. Bí DB bá wà níta tàbí lójú ọ̀nà, ẹ lẹ tépù mọ́ bíréékà náà, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ènìyàn wà lórí iná. Ilé tí àwọn ayálégbé pọ̀ sí ni mo ń bẹ̀rù jù, nítorí ẹni tó dé láti ibi iṣẹ́ tó bá òkùnkùn nínú yàrá rẹ̀ kì í bèèrè kó tó gbé bíréékà sókè.

Ẹ má sì ṣe gbára lé e pé NEPA ti mú iná lọ, tàbí pé owó ti tán lórí mítà. NEPA kì í kan ilẹ̀kùn kó tó dá a padà. Kí ẹ tó gbọ́ "Up NEPA!" lẹ́nu àwọn ọmọdé àdúgbò, ó ti dé ọwọ́ yín.

Báwo la ṣe lè mọ̀ dájú pé kò sí iná mọ́?

Tẹ́sítà tí gbogbo wa mọ̀, èyí tó dà bí súkúrù-dráífà tó ní gílóòbù kékeré nínú, ń ṣiṣẹ́ nípa pé iná díẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá sí ìka yín tó wà ní ìdí rẹ̀, tó sì ń gba ara yín lọ sílẹ̀. Ìwọ̀nba ni, kò lè pa yín lára. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà ló fi lè purọ́. Bí ẹ bá wọ bàtà rọ́bà tó nípọn lórí àkàbà onígi, ó lè má tàn dáadáa. Bí oòrùn bá ń ràn wọlé láti ojú fèrèsé, ẹ lè má rí i. Bí gílóòbù inú rẹ̀ bá ti kú, kò ní tàn fún ohunkóhun.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni kí ẹ dán an wò. Kí ẹ tó pa iná, ẹ tì í bọ ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí ẹ mọ̀ pé iná wà níbẹ̀, kí ó tàn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa gbogbo rẹ̀, ẹ kàn án mọ́ gbogbo wáyà tó wà lókè lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tí ẹ rò pé níútírà ni. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi mìíràn tí iná ṣì wà, bíi ti aládùúgbò, kí ẹ tún wò ó bóyá tẹ́sítà kò kú sí yín lọ́wọ́ láàárín méjì. Ẹni tó bá ní multimeter, ìyẹn mítà kékeré alọ́wọ́ méjì, òun ló dára jù: ẹ fi wọn láífù pẹ̀lú níútírà, láífù pẹ̀lú ẹ́ẹ̀tì, níútírà pẹ̀lú ẹ́ẹ̀tì.

Àwọ̀ wáyà wo ló ń ṣe kí ni?

Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé èyí ń da orí wa rú. Lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti jogún ètò àtijọ́: pupa ni láífù, dúdú ni níútírà, àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ewé tó ní ìlà yẹ́lò ni ẹ́ẹ̀tì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti yí tiwọn padà kó lè bá ti àwọn ará Yúróòpù mu. Ọdún 2004 ni wọ́n fàyè gba tuntun, nígbà tó sì di oṣù kẹrin ọdún 2006, ó di dandan fún iṣẹ́ tuntun. Búráùn di láífù, búlúù di níútírà, ẹ́ẹ̀tì dúró síbi tó wà. Lọ́dọ̀ tiwa, méjèèjì la ń lò pọ̀. Pupa àti dúdú ló pọ̀ jù nínú ògiri wa, fítíǹgì tó ń ti òkè òkun wọlé sì ń bá búráùn àti búlúù wá.

Bó bá jẹ́ pé ohun gbogbo wà létòlétò, ó rọrùn: búráùn fítíǹgì lọ bá pupa ògiri, búlúù lọ bá dúdú, ẹ́ẹ̀tì bá ẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ìkẹ́kùn wà níbẹ̀.

Ìkínní wà nídìí súwíìṣì. Wáyà méjì tó dé ibẹ̀, láífù ni méjèèjì: ọ̀kan ń gbé iná bọ̀, èkejì ń gbé e lọ sórí gílóòbù. Bí oníṣẹ́ iná bá lo pupa kan àti dúdú kan síbẹ̀, dúdú yẹn kì í ṣe níútírà rárá. Bí ẹ bá so ó mọ́ níútírà lókè, ọjọ́ tí ẹ bá tẹ súwíìṣì náà ni láífù àti níútírà yóò pàdé lójúkojú, ẹ ó sì gbọ́ ìró rẹ̀.

Ìkejì wà ní ilé tó ń lo fésì mẹ́ta, ìyẹn láífù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ètò àtijọ́, pupa, yẹ́lò àti búlúù ni fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, dúdú ni níútírà. Nínú ti tuntun, búráùn, dúdú àti àwọ̀ eérú ni fésì, búlúù ni níútírà. Ẹ wò ó dáadáa: búlúù tó jẹ́ láífù nínú ti àtijọ́ ti di níútírà nínú ti tuntun, dúdú tó jẹ́ níútírà sì ti di láífù. Ẹni tó bá fi àwọ̀ nìkan ṣe ìdájọ́ nírú ilé bẹ́ẹ̀ ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Ìkẹta ń bá ẹrù Amẹ́ríkà wá. Àwọn ènìyàn wa ní Houston àti Maryland fẹ́ràn láti máa di fítíǹgì tó lẹ́wà sínú àgbá ẹrù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé. Lọ́hùn-ún, dúdú ni láífù, funfun ni níútírà, àwọ̀ ewé tàbí kọ́pà ìhòhò ni ẹ́ẹ̀tì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, 120 fólítì ni iná ilé wọn. Ẹ yẹ ara fítíǹgì náà wò. Bí 120V nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, tó sì jẹ́ irú LED tí wọ́n kàn mọ́ ọn tí kò ṣeé yọ, iná wa yóò sun ún ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ họ́dà lásán tó ń gba gílóòbù, ìbéèrè kù bóyá wọ́n fọwọ́ sí i fún 230 fólítì.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé pupa ti tán lọ́wọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn, ó sì lo èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, àwọ̀ á sọ ohun tó ṣeé ṣe kó jẹ́ fún yín. Tẹ́sítà ló ń jẹ́rìí.

Kí ni IP44 tó wà lára páálí?

Òǹkà méjì ni, 4 àti 4. Kì í ṣe mẹ́rìnlélógójì. Ti àkọ́kọ́, láti 0 dé 6, ń sọ bí fítíǹgì náà ṣe lè dènà ohun líle tó fẹ́ wọ inú rẹ̀, bí ìka ọwọ́, kòkòrò tàbí eruku. Èkejì ló kàn wá ní balùwẹ̀: ó ń sọ bó ṣe lè dènà omi. Bí òǹkà kejì bá jẹ́ 0, kò lè dènà omi kankan. 4 lè gba omi tó ń ta sí i láti ìhà gbogbo. 5 lè gba omi tí wọ́n fi rọ́bà fọ́n sí i. 7 lè wà nínú omi jíjìn mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá rí X, bíi IPX4, wọn kò sọ nǹkan kan nípa òǹkà tí X dípò rẹ̀ ni.

Òfin wáyà àwọn Gẹ̀ẹ́sì pín balùwẹ̀ sí àyíká. Inú ọpọ́n ìwẹ̀ tàbí ibi tí omi ṣáwà ń dúró sí ni àkọ́kọ́, IPX7 ni wọ́n ní kó wà níbẹ̀. Òkè ibẹ̀ lọ dé gíga mítà 2.25 láti ilẹ̀ ni ìkejì, àyíká rẹ̀ dé 60 sẹ̀ǹtímítà sì ni ìkẹta. IPX4 ni wọ́n ní kó máà dín níbẹ̀. Àmọ́ balùwẹ̀ tiwa ń kọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré débi pé ẹni tó bu omi nínú bákẹ́ẹ̀tì sórí ara rẹ̀ ti ta á dé ara ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ ka gbogbo rẹ̀ sí ibi tí omi ń ta dé. Iná àárín àjà tó ga, IP44 tó o. Iná òkè dígí tó wà lójú ibi ìfọwọ́, IP44 náà ni, nítorí ọwọ́ tútù ló ń kàn án. Ibi tí ẹnu ṣáwà lè kọjú sí, ẹ ra IP65.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí fítíǹgì náà wò. Òǹkà lára páálí ṣeé tẹ̀ sórí ohunkóhun, ṣùgbọ́n fítíǹgì tó lè dènà omi gbọ́dọ̀ ní rọ́bà tó yí ẹnu ìdérí rẹ̀ ká, kí ó sì ní rọ́bà níbi tí wáyà ń gbà wọlé. Bí kò bá sí méjèèjì, irọ́ ni òǹkà yẹn. Abọ́ dígí tó ṣí lókè tí wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀nì gbé kọ́ sójú àjà lẹ́wà ní pálọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Báwo la ṣe ń so ó gan-an?

Iná ti kú, tẹ́sítà ti jẹ́rìí. Ẹ nu ilẹ̀ gbẹ, ẹ wọ bàtà rọ́bà, ẹ lo àkàbà tó dúró dáadáa, kì í ṣe bákẹ́ẹ̀tì tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀. Kí ẹ tó tú wáyà kankan, ẹ fi fóònù ya fọ́tò bó ṣe wà. Ẹ lẹ tépù kékeré mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ibi tó ti wá. Bí ẹ bá rí wáyà méjì tí wọ́n lọ́ pọ̀ lókè, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní lílọ́ pọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni iná yàrá kejì ń gbà.

Ẹ wo ara wáyà náà. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti gbẹ tó ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́, tàbí tí kọ́pà inú rẹ̀ ti di dúdú, ẹ dúró níbẹ̀. Fítíǹgì tuntun kò lè wo ìyẹn sàn. Bí wáyà bá sì ṣì dára, ẹ bó orí rẹ̀ níwọ̀n tó máa wọ inú kọnẹ́kítọ̀ tán, ẹ fún súkúrù rẹ̀ le, ẹ fà á wò. Kò gbọ́dọ̀ sí kọ́pà tó yọ síta. Tépù nìkan kò tó. Mo ti tú àìmọye iná balùwẹ̀ tí tépù rẹ̀ ti tú sílẹ̀ bí ewé àgbàdo gbígbẹ, nítorí pé ooru omi gbígbóná ń mú lẹ́ẹ̀mọ́ ara rẹ̀ yọ́.

Bí họ́dà náà bá jẹ́ onísúkúrù, èyí tí a ń yí gílóòbù wọ̀, láífù gbọ́dọ̀ lọ sí irin kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ láàárín, níútírà á lọ sí irin tó yí i ká. Bí ẹ bá ṣe é lódì, irin tí ìka ń kàn nígbà tí a bá ń yí gílóòbù ni láífù yóò wà. Họ́dà onípíìnì kò ní ìṣòro yìí.

Fítíǹgì onírin gbọ́dọ̀ gba ẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ́ẹ̀tì kò bá sí lókè, bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ilé tó ti pẹ́, ẹ má fi irin síbẹ̀. Ẹ ra oníke tó ní àmì igun mẹ́rin kékeré nínú igun mẹ́rin ńlá lára rẹ̀. Àmì yẹn ń sọ pé wọ́n ti bò ó ní ìlọ́po méjì, kò sì nílò ẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ ara ògiri lẹ ń dè é mọ́, ẹ fi sílíkóònù dí òkè àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí oru tó bá di omi lẹ́yìn rẹ̀ lè ṣàn jáde.

Kí ló dé tí gílóòbù kan fi ń tàn fírífírí lóru lẹ́yìn tí a ti pa á?

LED ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé iná tó kéré púpọ̀ tó láti tan án. Ó lè jẹ́ pé súwíìṣì yín ní iná pupa kékeré lójú rẹ̀; iná díẹ̀ tó ń tan ìyẹn ń gba inú gílóòbù kọjá, kò sì burú. Ó sì lè jẹ́ àṣìṣe tí mo sọ lókè, pé níútírà ni súwíìṣì ń já, láífù ṣì wà lókè. Bí súwíìṣì yín kò bá ní iná pupa, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná wá wò ó.

Ìgbà wo la gbọ́dọ̀ pe oníṣẹ́ iná?

Bí ẹ bá fẹ́ gbé iná kúrò níbi tó wà lọ síbòmíràn, ẹ pè é. Bí ilé kò bá ní ẹ́ẹ̀tì tàbí RCD, bí omi bá ń jò láti balùwẹ̀ òkè sórí fítíǹgì tìsàlẹ̀, bí ẹ bá bá wáyà tó ju èyí tí ẹ lóye lọ, ẹ pè é. Àti bí ẹ bá rí i pé ẹnìkan ti fa iná híítà láti ara wáyà gílóòbù. Mo ti rí èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wáyà gílóòbù sábà máa ń jẹ́ 1.5 mm² ní nínípọn, bíréékà rẹ̀ sì jẹ́ áńpíà 10. Híítà oní-3,000 wáàtì ń fa áńpíà 13. Bíréékà á máa já, ẹnìkan á wá fi èyí tó tóbi rọ́pò rẹ̀ kó má baà já mọ́, láti ọjọ́ náà ni wáyà á ti máa gbóná nínú ògiri láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò, ló ń fún àwọn oníṣẹ́ iná ní ìwé ẹ̀rí. Kò sí ohun tó burú nínú kí ẹ ní kó fi tirẹ̀ hàn yín. Nígbà tó bá parí, ẹ ní kó fi tẹ́sítà kan họ́dà níṣojú yín nígbà tí súwíìṣì wà ní pípa, kí ẹ fojú ara yín rí i pé kò tàn. Kó sì tẹ bọ́tìnì T lára RCD nígbà tí NEPA wà, kó tún tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ilé bá wà lórí ínfátà. Bí balùwẹ̀ bá ṣì ní iná lẹ́yìn tí RCD ti já lẹ́ẹ̀kejì yẹn, iṣẹ́ kò tíì parí.